Àkànní àti Ife Ẹmu Kan ní Fairwood

Samuel Àkànní Ọláòtán. Àkànní Òpó, ọmọ Òpómúléró, ọmọ Mọ́jà-Àlekàn, ọmọ òpó tí wọ́n fi aṣọ wé bí ènìyàn. Ọkọ Àbẹ̀kẹ́, baba Bọ́sẹ̀. Àkànní abáni-rìn-má-kánjú, akàwé-bí-ẹni-ń-jẹ-iyán-gbígbóná. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó fi Kettering lókè òkun ṣe ilé. Àkànní, ìwọ ti sùn, èmi ṣì ń jí ní ìdájí bí ẹni tí ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní kí n sọ bí ìjọ wa ṣe rí nígbà tí àwa ará Nàìjíríà kọ́kọ́ dé inú rẹ̀. Ẹ tún bi mí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu yín, pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn aṣáájú Mọ́mọ́nì ìgbà àkọ́kọ́ ń mu wáìnì, àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n dá báńkì kan sílẹ̀ tó wó. Orí fóònù ni ẹ ti rí i. Èmi ò rí i lórí fóònù. Àkànní ló kà á fún mi nínú ọkọ̀. Mo máa dá yín lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ fún mi, nítorí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ wáìnì yẹn kí n má sọ ohun tí mo ṣe.

Nígbà yẹn, ìjọ máa ń yan ọkùnrin méjì-méjì pé kí wọ́n máa bẹ ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún wò lóṣooṣù. Ẹ ó lọ sílé wọn, ẹ ó jókòó, ẹ ó bi wọ́n bí ara ṣe rí, ẹ ó gbàdúrà, ẹ ó sì bá wọn tún iná tí kò tàn ṣe. Èmi àti Àkànní ni wọ́n so pọ̀, a sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ìjọ ti fi òpin sí ètò yẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi báyìí, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé fún àdúrà. Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tẹ aago ẹnu ọ̀nà mi, àfi ẹni tó ń gbé páálí wá, òun náà á sì ti sá lọ kí n tó dìde.

Ọkọ̀ Àkànní aláwọ̀ ewé ní bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì kan tó máa ń han fíín bí ó bá ń yí kọ́nà. Láti ìkóríta ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, màá ti wọ bàtà kí ó tó dúró. Ọ́fíìsì ìjọba ní Upper Marlboro ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ilẹ̀. Nígbà tí Fairwood ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa àti èèkàn, ó ti mọ orúkọ àwọn òpópónà tí wọn ò tíì là níbẹ̀. Èmi ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Òun mọ ojú ọ̀nà, èmi mọ orúkọ àwọn ọmọ gbogbo ilé tí a ń wọ̀ àti ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo ṣì mọ̀ wọ́n.

Arákùnrin Gbádébọ̀ wà ní Largo, kì í ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé òkè ló ti máa ń bá wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti tún dé. Mi ò tíì wọṣọ o."

"A ò wá wo aṣọ, Gbádébọ̀," Àkànní á ní. "Ara ńkọ́?"

"Ara wà. Ẹ gbàdúrà yín níbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ."

A ó sì gbàdúrà sórí koríko, ajá aládùúgbò á máa gbó wa. Ọdún méjì gbáko ni. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú nílé ló ṣílẹ̀kùn, ó di Àkànní mú.

Mọ́mì Ẹfúnyẹmí wà ní Kettering, orúnkún ò jẹ́ kó rìn dáadáa. Nígbà tó ṣèrìbọmi, wọ́n sọ fún un pé a kì í mu ọtí, kọfí àti tíì. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, tíì ni gbogbo rẹ̀. Mọ́mì kó agolo kòkó rẹ̀ dànù. Odidi ọdún kan ló fi ń fi omi gbígbóná lásán jẹ búrẹ́dì kí Àkànní tó rí i.

"Mọ́mì, kòkó kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí a má mu o."

Mọ́mì gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, oṣooṣù lẹ ń wá síbí. Ẹ ń wo kọ́ọ̀bù mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí ẹ bèèrè rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti wá nílé, ijó ni a fi ń gbé ọrẹ lọ síwájú. Níbí, apẹ̀rẹ̀ ò sí. Inú àpò ìwé ni èèyàn ń fi tirẹ̀ sí, yóò fà á lé bíṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó Àkànní. Sunday tó kọ́kọ́ wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un, bí wọ́n ṣe tẹ dùùrù, ó dìde, ó so gèlè mọ́rí, ó ń jó bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú owó ọpẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo ojú yí sí i. Ó dé iwájú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí apẹ̀rẹ̀. Ó bá ṣí aṣọ funfun orí tábìlì oúnjẹ Olúwa, ó fi owó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì, ó bò ó padà, ó sì jó lọ jókòó. Bíṣọ́ọ̀bù Wọ́kà dìde, ó mú owó náà pẹ̀lú ọwọ́ méjì bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó tẹrí ba fún un. Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni ọkùnrin yẹn ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ìjọ kì í san kọ́bọ̀ fún un. Èyí ló kọ́kọ́ fa Àkànní mọ́ra. Ó ní òun ti rí àwọn tó ń fi ìwàásù kọ́lé, òun fẹ́ rí ẹni tó ń wàásù tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì dọ̀tí.

A máa ń tètè dé ibi tí a ń lọ. A ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé onílé, Àkànní á yọ ìwé ìtàn láti abẹ́ ìjókòó, á kà á ní Gẹ̀ẹ́sì fún ara rẹ̀, á sì sọ ọ́ di Yorùbá fún mi, nítorí ìwé mẹ́fà ni èmi kà. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ pé wáìnì gidi ni àwọn ará àkọ́kọ́ ń gbé ka tábìlì Olúwa, tí wọ́n ṣe fúnra wọn, kí wọ́n tó fi omi rọ́pò rẹ̀. Mo gbọ́ pé nígbà tí ìkìlọ̀ lórí ọtí, tábà àti ohun mímu gbígbóná kọ́kọ́ jáde, ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, àti pé àwọn kan nínú àwọn aṣáájú ṣì ń mu díẹ̀, wọn ò sì fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n dé àfonífojì gbígbóná kan ní gúúsù, wọ́n gbin àjàrà, wọ́n ń ṣe wáìnì fún títà, àwọn kan sì ń fi wáìnì san ìdámẹ́wàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fojú inú wò ó," Àkànní á ní, ẹ̀rín á máa pa á. "Ẹ gbé wáìnì wá fún bíṣọ́ọ̀bù, ó ní ẹ ṣeun."

"Kí ló wá ń fi ṣe?"

"Wọ́n ní kí wọ́n tà á fún ará ìta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ènìyàn."

Owó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn, nítorí náà adìẹ, ẹyin àti koríko ẹran ni wọ́n ń kó wá. Ẹni tí kò ní nǹkan á fi ọjọ́ kan nínú mẹ́wàá ṣiṣẹ́ fún ìjọ. Àkànní ní ó jọ ọ̀wẹ̀ tí baba òun máa ń bẹ̀ lóko. Wọ́n tún gbìyànjú láti da ohun ìní gbogbo wọn pọ̀ kí tálákà má bàa sí, kò pẹ́ tó fi túká. Báńkì yẹn náà, òótọ́ ni. Ó ṣubú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé owó wọn jáde nínú ìjọ.

Ọjọ́ tó ka ti báńkì, inú bí mi. Mo ní, "Kí ló dé tí o ń ka èyí sí mi létí? Ṣé o fẹ́ kí n padà sídìí ìgò ni?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n. Èmi ò lè bá áńgẹ́lì gbé."

Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ kí wọ́n mọ́ látìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀mùtí ni mí. Ẹ máa wò mí báyìí o, bàbá tó ń jẹ súwíìtì ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ọtí ló lé Fúnmiláyọ̀ ìyàwó mi lọ sí Texas pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọtí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo pinnu láti fi í sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Àkànní fi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nílé mi lójoojúmọ́. Kì í wàásù. Ọsàn ló máa ń bó. Á fi ọ̀bẹ bó o yípo, èèpo rẹ̀ á já bọ́ ní okùn kan ṣoṣo, á sì fi ọsàn náà sọ́wọ́ mi. Ó gbà mí lọ́wọ́ ikú. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo ṣe fi burú tó bẹ́ẹ̀.

Bọ́sẹ̀ dàgbà, ó rí Kúnlé, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti wọ ìjọ wa nígbà tó wà ní yunifásítì. Wọ́n fẹ́ so wọ́n pọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì funfun tó yọrí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà ńlá Beltway, tí ẹ ń rí bí ẹ bá ń lọ sí apá Silver Spring. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò ní káàdì tẹ́ḿpìlì, tí bíṣọ́ọ̀bù ń fún ẹni tó pa òfin ìjọ mọ́, tó fi mọ́ òfin ọtí, kì í wọlé, ì báà jẹ́ òun ló bí ìyàwó tàbí ọkọ. Olóyè Ògúnnáíkẹ̀, baba Kúnlé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni. Ìta ni yóò dúró sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì, Olóyè pè wá wá jẹun ní ilé rẹ̀ tuntun ní Fairwood. Àwa mẹ́wàá péré ni. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé ìgò ẹmu kan jáde, ó dà á sínú ife, ó dúró níwájú Àkànní. Kò pariwo.

"Àna mi, wọ́n ní mi ò ní rí ọmọ mi níbi tó ti ń gbéyàwó. Mo ti gbà. Ṣé ife mi náà ni ẹ ò ní fẹnu kàn?"

Àkànní wò ó. Ojú Olóyè ti pọ́n. Àkànní gba ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ó fẹnu kàn án, ó gbé ẹnu kan mì, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ọmọ yín ti di ọmọ wa." Olóyè jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Gbogbo ilé hó yèè. Àbẹ̀kẹ́ dá orin sílẹ̀.

Èmi nìkan ni inú mi kò dùn. Òórùn ẹmu yẹn dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo jókòó sí. Mo ń wo ọ̀fun Àkànní bó ṣe ń gbé e mì, mo sì ń ronú pé ohun tó gba ìyàwó mi àti ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ohun tí mo fi ara gbígbọ̀n jáwọ́ nínú rẹ̀, Àkànní ń fi ṣe àpọ́nlé ní pálọ̀. Mo gbé ìbínú yẹn délé. Ní ọ̀sán Sunday, mo pe bíṣọ́ọ̀bù, mo ní Àkànní mu ẹmu.

Ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù Wọ́kà kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ti bá òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́?"

Mo ní rárá. Ó ní òun á bi í.

Ó bi Àkànní, Àkànní ò sì purọ́. Ó ní òun mu ún. Bíṣọ́ọ̀bù ní kó fúnra rẹ̀ sọ bóyá ó ṣì lè fi ọkàn kan mú káàdì náà dání. Àkànní fi káàdì náà sórí tábìlì, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta; òun náà ò ní wọ tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ ìgbéyàwó Bọ́sẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ló sọ gbogbo èyí fún mi. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó sí ilé ìdáná mi, ó ń sunkún.

"Nínú gbogbo wa tó wà ní Fairwood lọ́jọ́ yẹn, ta ló lè ṣe irú èyí? Ẹ bá mi rò ó, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ nígbà tó ń bi mí. Mo jẹ ẹ́ tán.

Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí pé kí n jókòó sí àga ẹlẹ́rìí nínú tẹ́ḿpìlì, ní ipò baba òun. Ó ní, "Uncle, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn jù." Mo lọ. Mo wọ aṣọ funfun, mo jókòó sí àga baba rẹ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan lẹ́yìn mi. Nígbà tí a jáde, Àkànní àti Olóyè wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ọgbà, wọ́n yọ kóòtù, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà láti inú ọ̀rá. Àkànní dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi dúró tì í."

Ọdún kan ni mo fi gbé e sínú. Oṣooṣù, bí bẹ́líìtì yẹn bá ti han, màá ní òní ni màá sọ ọ́. Ọjọ́ kan, níwájú ilé Mọ́mì Ẹfúnyẹmí, ó ti yọ ìwé jáde, mo ní, "Àkànní, èmi ni mo pe bíṣọ́ọ̀bù."

Ó ti ìwé náà bọ abẹ́ ìjókòó padà. A wọlé, a kí Mọ́mì, Àkànní gbàdúrà, ó bá a gbé àpò ìrẹsì. Ó gbé mi délé. 

Mo rò pé kò ní wá mọ́. Oṣù tó tẹ̀lé e, ní aago méjì ọ̀sán, mo gbọ́ bẹ́líìtì. Ó wá. Kò sí oṣù tí kò wá fún ọdún mẹ́ta. Ó ń kí mi, "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n," ó ń dúró kí n de okùn ìjókòó. A ó tètè dé gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, a ó sì jókòó, òun á máa wo iwájú, èmi á máa wo ọwọ́ mi. Kò kàwé fún mi mọ́ láéláé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì mọ bí ìdajì wákàtí ṣe gùn tó nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ nínú ayé mi nígbà yẹn ni kó sọ pé òun ti dárí jì mí. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Kíndìnrín ló mú un. Mo lọ wò ó ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ mi, mo ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ti rù. Mo jókòó tì í, mo ní, "Àkànní, bí o bá máa lọ, jọ̀ọ́, dárí jì mí kí o tó lọ."

Ó yíjú sí mi. "Tèmi ti tán, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti tán. Èmi mu ún, èmi sọ pé mo mu ún, èmi àti Olóyè jẹ ẹ̀pà wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ mi lẹ ti gba ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ Bọ́sẹ̀ ni. Ó fi yín sórí àga mi, kò mọ ẹni tó fi síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kàwé fún yín, òun ni mo máa ń rántí."

"Ṣé kí n sọ fún un?"

"Èmi ò ní bá yín sọ ọ́," ó ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Mo sún sísọ rẹ̀ fún Bọ́sẹ̀ síwájú. Mo ní kí ara Àkànní yá ná. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ó kú.

Bọ́sẹ̀ pè mí lórí fóònù. Nínú ìjọ wa, ẹbí ló máa ń yan ẹni tí yóò gbàdúrà ya ibojì sí mímọ́. Ó ní èmi ni àwọn yàn, kò sí ẹlòmíì. Mo ní ó dáa. Mo gbé tẹlifóònù kalẹ̀, mo jókòó sí ilé ìdáná títí ilẹ̀ fi mọ́, mo mọ̀ pé bí mo bá fi ẹnu yìí gbàdúrà sórí Àkànní láìsọ ọ́, á di ẹ̀ẹ̀kejì tí mo jókòó sí ibi tí kì í ṣe tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo bá Bọ́sẹ̀ nínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n tẹ́ baba rẹ̀ sí. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró. Kò sunkún. Ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀.

"Uncle, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí Daddy Kúnlé sọ kí Daddy mi tó gba cup yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ṣì pe bishop."

"Mo ṣì pè é."

"And ẹ wá jókòó sí chair yẹn, ẹ ń smile sí mi."

 Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, kì í ṣe bí ẹni tó ń ṣoore, bí ẹni tó fẹ́ kọjá ni. Ó ní, "Kúnlé máa ṣe àdúrà yẹn. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́ sir." Ó sì lọ bá ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Satidé ni a sin Àkànní, ní ibi ìsìnkú kan lójú ọ̀nà Upper Marlboro. Olóyè di Àbẹ̀kẹ́ lápá mú, Gbádébọ̀ wà lára àwọn tó gbé pósí. Kúnlé ló gbàdúrà. Atẹ́gùn pọ̀, mi ò gbọ́ ohun tó sọ láti ẹ̀yìn níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n sọ pósí náà kalẹ̀ sínú ibojì ní aago méjìlá ọ̀sán.